Sàárà Tí Mo Ṣe Nítorí Iná

Ẹni tó bá ní kí n dúpẹ́ lórí ọ̀rọ̀ iná, kó jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ti dúpẹ́ rí, mo sì mọ ohun tí ojú mi rí.

Téélọ̀ ni mí ní Agbowó. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ni mo fi ń ránṣọ títí àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní ilẹ̀ Ṣáínà fi ẹ̀rọ oníná ránṣẹ́ sí mi. Aṣọ tí mo ń wa ẹlẹ́sẹ̀ sí láti àárọ̀ di ọ̀sán, ẹ̀rọ yìí á ti rán an tán kí omi ẹ̀bà tó hó.

Àkókò yẹn náà ni ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa dáwó ra tiransifọ́mà. Àwọn oníná ṣèlérí pé iná ò ní í máa lọ mọ́, bí a bá ti lè gbà láti máa san owó tó ju ti àwọn ará òdìkejì títì lọ. A gbà. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e kọ́, àfáà ṣàdúrà sí i, pásítọ̀ fi òróró pa òpó rẹ̀ lára, a sì ń ṣàmín bí ẹni tó ń sọmọ lórúkọ. Inú mi dùn débi pé mo gbé ẹlẹ́sẹ̀ mi, mo fi ṣe sàárà fún opó kan nínú ẹgbẹ́ àsàlátù wa. Sàárà sì rèé, ẹnìkan kì í gbà á padà.

Iná náà dára fúngbà díẹ̀, irọ́ ò sí níbẹ̀. Ìyá kan tó ní ilé ìwé ní Bódìjà wá gbé yunifọ́ọ̀mù gbogbo ọmọ ilé ìwé rẹ̀ fún mi rán. Mo gé gbogbo aṣọ náà sílẹ̀. Bí mo ṣe gé e tán ni iná bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Iye tí a ń san ò wálẹ̀ o, iná nìkan ló wálẹ̀. Mo tan jẹnẹrétọ̀, bẹntiróòlù jẹ èrè tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ojú owó.

Àbúrò mi pè mí láti Ṣáínà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé náà nìyẹn. Orílẹ̀-èdè tó ń lo iná dáadáa ló ń là. Àwọn ọ̀mọ̀wé kàn ṣì ń jiyàn ni, bóyá iná ló ń mú ọrọ̀ wá, àbí ọrọ̀ ló ń mú iná wá.”

“Ṣé èmi ni mo ní ká má lò ó ni? Sọ fún wọn kí wọ́n wá jiyàn wọn ní ṣọ́ọ̀bù mi. Àga wà níbẹ̀, iná ni ò sí.”

Mo pa fóònù. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Nígbà tí ilé ìwé wọlé, mo kó ìwọ̀nba tí mo rí rán lọ sí Bódìjà. Ìyá ilé ìwé ò tilẹ̀ tú u wò.

“Ẹ má bínú, mà. Mi ò lè ní kí àwọn ọmọ máa bọ̀ níhòòhò. Mo ti ra èyí tí wọ́n rán ní Ṣáínà.”

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kó aṣọ Ṣáínà náà wá bá mi ní Agbowó. Wọ́n gùn ju àwọn ọmọ lọ, ó fẹ́ kí n ṣẹ́ etí wọn. Mo gbà, nítorí kò sí iṣẹ́ mìíràn nílẹ̀. Iná ò sí, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń fọwọ́ rán wọn. Ìyá náà ti ń lọ kó tó padà, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi tú lébẹ́ẹ̀lì tó wà lọ́rùn wọn, kí ẹ fi tiyín sí i. Mo ti sọ fún àwọn òbí pé Ìbàdàn níbí la ti rán an.”

Mo tú ti Ṣáínà kúrò, mo sì rán orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi sọ́rùn aṣọ tí mi ò rán.