Irin Tó Jókòó Sípò Ẹ̀rọ Lyle

Rawlins, ní ilẹ̀ Wyoming, ni wọ́n bí Lyle Ostrander sí, níbi tí atẹ́gùn ti máa ń dojú ọkọ̀ akẹ́rù délẹ̀ lójú títì. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wádìí òkúta àti yìnyín orí pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì, atẹ́gùn ibẹ̀ ni òun gbájú mọ́. Afẹ́fẹ́ ọ̀hún fẹ́lẹ́ débi pé ìjì rẹ̀ kò lè ṣí fìlà lórí èèyàn, síbẹ̀ ó máa ń ru eruku tó ń bo odindi ayé náà mọ́lẹ̀. Báwo ló ṣe ń ṣe é? Ìbéèrè yìí ni Lyle fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ lé kiri.

Russ Haddix ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Yàrá kan náà ni wọ́n gbé ní yunifásítì, Russ ló sì dúró tì í lọ́jọ́ tó gbé Noreen níyàwó. Àwọn méjèèjì jọ ríṣẹ́ sí ilé ìwádìí kan ní Boulder, lẹ́sẹ̀ òkè. Yìnyín ni Russ ń wá ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ dùn ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kò sì pẹ́ tó fi di ọ̀gá.

Lyle ṣe ẹ̀rọ kan, wáyà tín-ín-rín bí irun orí, tí iná ń mú gbóná. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ lù ú, á tutù. Bó bá ṣe tutù tó ni wọ́n á fi mọ bí atẹ́gùn ṣe le tó. Wọ́n dè é mọ́ ọkọ̀ òfuurufú àkọ́kọ́ tí wọ́n rán lọ síbẹ̀, èyí tí kò ní èèyàn nínú. Ọkọ̀ náà wọ afẹ́fẹ́ Máàsì, wọn kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Lyle tún òmíràn ṣe. Ọdún ń gorí ọdún. Noreen ń fẹ́ ọmọ, Lyle ní kó jẹ́ kí ẹ̀rọ yìí gbéra ná. Nígbà tí yóò fi ṣe tán, ọjọ́ ti lọ lórí Noreen.

Ọkọ̀ kejì kù díẹ̀ kó gbéra ni wọ́n rí i pé ó wúwo jù. Russ pe ìpàdé.

"Nǹkan kan gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀. Lyle, sọ tẹnu ẹ."

Lyle sọ̀rọ̀ títí òógùn fi bò ó.

"Ṣó o ti parí?" Russ rẹ́rìn-ín. "Ọmọ Rawlins, atẹ́gùn ò tíì sú ẹ ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Russ ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ Lyle bọ́ sílẹ̀ nawọ́. Wọ́n nawọ́. Greta Pohlman, tí Lyle fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ títí tó fi gboyè dókítà, wo ilẹ̀, ó wo Russ, òun náà sì nawọ́.

Ó sáré bá Lyle níta. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Iṣẹ́ mi ti fẹ́ parí, ọwọ́ Russ ni òmíràn wà."

"Mo rí ọwọ́ ìwọ náà," ni Lyle wí. "Ó ga dáadáa."

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ máa balẹ̀, wọ́n pe Lyle wá wòran. Ọkọ̀ balẹ̀ láìfarapa. Àwọn èèyàn ń dì mọ́ra, wọ́n ń sunkún ayọ̀. Àwòrán àkọ́kọ́ dé: ilẹ̀ pupa, òkúta wẹ́wẹ́, àti etí ọkọ̀ náà. Níbi tó yẹ kí ẹ̀rọ Lyle wà, nǹkan kan ń dán níbẹ̀.

"Kí nìyẹn?"

"Èwo? Ìyẹn?" Ẹ̀pà kún ẹnu Russ. "Irin ni. Nígbà tá a yọ tìẹ, ọkọ̀ ń fì sápá kan."

"Báwo ló ṣe wúwo tó?"

"Ó fẹ́ẹ̀ tó tìẹ. Àwọn tó kù ti dín ẹrù tiwọn kù nígbà yẹn."

"Kí ló wá dé tẹ́ ò dá tèmi padà?"

"Háà, Lyle! Ta ló fẹ́ tún irú ìpàdé yẹn ṣe? Irin kì í bàjẹ́, kì í sì í ráhùn."

Lyle fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó lọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan. Ọkọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ Máàsì, ó kan yìnyín, orúkọ Russ sì gbalẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n eruku bo sólà ọkọ̀ náà, òtútù ń wọlé bọ̀, agbára bátìrì ń lọ sílẹ̀. Russ wá jókòó ní kíṣìnnì Lyle.

"Ọ̀rẹ́ mi, gbà mí. Tá a bá pa gbogbo ẹ̀rọ ká dúró, ṣé atẹ́gùn á wá gbá eruku yẹn kúrò? Àbí ká yáa lò ó kó tó kú?"

Lyle mọ̀. Gáàsì tó máa ń dì bíi yìnyín bo ilẹ̀ ibẹ̀ nígbà òtútù máa ń padà di afẹ́fẹ́ bí oòrùn bá dé, atẹ́gùn a sì gbéra, a gbá eruku lọ. Ó ti rí ipa rẹ̀ nínú àwòrán àìmọye.

"Atẹ́gùn kankan ò bọ̀," ni ó wí. "Ẹ lò ó tán."

Noreen tó ń fọ abọ́ yíjú wò ó, nítorí òdìkejì ọ̀rọ̀ yẹn ló ti ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ. Ó ń fọ abọ́ rẹ̀ lọ títí Russ fi lọ.

"O purọ́ fún un."

"Ó tọ́ sí i."

Wọ́n lò ó tán. Bátìrì kú, òtútù sì ba inú rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí yìnyín lọ, ọkọ̀ mìíràn tó ń yí Máàsì po yà á láwòrán láti òkè: sólà rẹ̀ mọ́ féfé, atẹ́gùn ti gbá a, òkú ọkọ̀ ń dán nínú oòrùn. Àwọn aláṣẹ béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Greta ló ń tọ́jú bátìrì, Russ sì nàka sí i. Wọ́n lé e. Russ gba àmì ẹ̀yẹ.

Noreen ló gbọ́ ìròyìn náà. "Ọmọ yẹn ló kó sí i," ni ó wí, kò sì bá Lyle jẹun lọ́jọ́ náà.

Lyle pe Greta lórí fóònù ní oko bàbá rẹ̀ ní Nebraska, níbi tó padà sí lẹ́yìn tí wọ́n lé e. Màlúù ń ké lẹ́yìn rẹ̀.

"Dókítà! Ẹ ṣeun o. Nínú gbogbo wọn, ẹ̀yin nìkan lẹ pè mí." Ohùn rẹ̀ já. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ atẹ́gùn. Russ ní kò sí èyí tó ń bọ̀, mo tún un ṣírò, mo sì gbà á gbọ́. Ibo ni mo ti ṣì í?"

Lyle gbé fóònù lọ sí etí kejì.

"Mi ò mọ̀," ni ó wí. "Bóyá o ò fara balẹ̀ tó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Greta dáhùn. "Èmi náà rò bẹ́ẹ̀."