Tówẹ̀lì Tí Ìyá Ọkọ Mi Kò Mú Wá

Òórùn aṣọ tuntun tí áyọ́ọ̀nù gbígbóná ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ ni mo máa ń rántí tí mo bá rántí ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Igbó-Elérin, mo ń lọ kọ́là yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé kan. Mẹ́rìndínlógún ni wọ́n, mo ti lọ mọ́kànlá. Oyún mi kejì ti wọ oṣù kẹsàn-án, nítorí náà mo gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé orí páálí òwú kí wọ́n má baà wú jù. Bí mo ṣe na ọwọ́ mú kọ́là kejìlá ni òjìji ẹnìkan bo ẹnu ọ̀nà. Ìyá ọkọ mi ni. Ó gbé báàgì aláwọ̀ ewé kan lọ́wọ́, ó ń fi etí gèlè nu òógùn ọrùn. Láti ìlú wọn ní ìpínlẹ̀ Ògùn ló ti wọkọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ ní Òkokomáikò, ó sì ti ibẹ̀ béèrè ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ mi.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ ò sọ pé ẹ ń bọ̀ lónìí." Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀.

"Ṣé èèyàn máa ń gba ìwé àṣẹ kó tó wá wo ìyàwó ẹ̀ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Àdéhùn wa ni pé ẹ̀yìn tí mo bá bímọ ni yóò wá, ó sì ku bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹnìkan ti pè é. Nígbà tí ọkọ mi dé láti ibi iṣẹ́, mo bi í bóyá òun ni. Ó ní òun kọ́. N kò gbà á gbọ́.

Kí o tó lè mọ ìdí tí ìyá àgbàlagbà kan tó gbé báàgì dání fi dẹ́rù bà mí tó bẹ́ẹ̀, mo ní láti sọ ti àkọ́bí mi fún ọ. Ọdún mẹ́fà ṣáájú ìgbà yẹn ni. Ọjọ́ tí wọ́n ní mo máa bímọ kọjá, ìrọbí kò dé, wọ́n fa omi sí mi lára kó lè mú ìrọbí wá. Ìrọbí dé lóòótọ́. Ó fi ọjọ́ kan àtààbọ̀ ṣe mí bó ṣe wù ú, ọmọ kò sì sọ̀ kalẹ̀. Níkẹyìn wọ́n gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Èmi àti ọmọ yè, ó sì yẹ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí oyún yẹn wà nínú mi, ìyá ọkọ mi ti sọ ọ́ ní pálọ̀ wa, lójú gbogbo àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, pé nínú ìdílé àwọn, kò sí ìyàwó kankan tí wọ́n fi ọ̀bẹ gbẹ̀bí rẹ̀ rí. Kò sọ ọ́ bí ẹni ń halẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé àwọn kì í jẹ irú ẹran kan. Nítorí náà, nígbà tí mo lajú lórí bẹ́ẹ̀dì, ohun àkọ́kọ́ tí mo bẹ ọkọ mi àti ìyá tó bí mi ni pé kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìyá ọkọ mi dé fún ìsọmọlórúkọ, wọ́n ní mo bí i wẹ́rẹ́.

O mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìyá ọmọ nílé wa. Wọ́n á rì tówẹ̀lì ńlá sínú omi gbígbóná, wọ́n á fún un, wọ́n á fi máa tẹ ikùn rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Iṣẹ́ ìyá ọkọ nìyẹn, inú wọn sì máa ń dùn sí i. Ta ló fẹ́ fi ìyẹn tẹ ikùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán? Ìyá mi ló gbà mí sílẹ̀. Kí ìyá ọkọ mi tó jí, á ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi gbígbóná wọ bálùwẹ̀ pẹ̀lú mi, á da omi náà sílẹ̀ kí ooru lè gba gbogbo ibẹ̀, lẹ́yìn náà á jáde, á ní òun ti ṣe é. Ìyá ọkọ mi á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà," á gba ọmọ, á lọ wẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé a ti rí i tàn. Ọdún kẹta lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyá mi kú. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó máa bá mi wọ bálùwẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tí ìyá ọkọ mi dé ni dókítà tó ń rí mi, ní ilé ìwòsàn kan ní Ìbà, mú àga, ó jókòó tì mí. Obìnrin ni, kò tíì pé ogójì ọdún, èékánná rẹ̀ kúrú bíi ti aránṣọ. Ó ní tí ìrọbí kò bá dé fúnra rẹ̀, ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n mú ìrọbí wá. Wọ́n á ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ẹnu ilé ọmọ, wọ́n á fi omi kún orí rẹ̀ kó wú, kó lè máa ṣí ẹnu ọ̀nà díẹ̀díẹ̀, torí pé àwọn oògùn kan tí wọ́n ń lò fún ẹlòmíràn le jù fún ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún rí. Tó bá yọrí sí rere, ara mi á tètè yá. Ṣùgbọ́n ojú àpá àtijọ́ lè ya. Kì í sábà ṣẹlẹ̀, àmọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, èmi àti ọmọ wà nínú ewu. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n dá ọjọ́, kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà lójú mọmọ. Ìyẹn náà kì í ṣe ọgbẹ́ ìka, tí mo bá sì tún fẹ́ bímọ lẹ́yìn rẹ̀, ó máa nira ju èyí lọ.

"Èwo lẹ rò pé kí n ṣe?" mo bi í.

"Ẹ̀yin lẹ máa yàn án, mà. Ara yín ni."

Ìdáhùn yẹn ló mú mi fura sí i. Nínú iṣẹ́ tèmi, tí oníbàárà bá béèrè sítáì tó máa yẹ ẹ́, tí aránṣọ bá ní "èyí tó bá wù yín", aránṣọ náà ti mọ èyí tó fẹ́ rán tẹ́lẹ̀. Obìnrin tó ń ta bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi sì ti sọ fún mi pé ọwọ́ àwọn dókítà ìsinsìnyí yá sí ọ̀bẹ jù. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé fún ọkọ mi. Ó ní ohun tí mo bá fẹ́ ni òun náà fẹ́. Mo fura sí ìyẹn náà.

Kí n má parọ́ fún ọ, rọ́bà yẹn ló wù mí, kì í sì í ṣe nítorí ara mi. Tí ọmọ bá gba ojú ara wá, kò sí ẹni tó máa mọ nǹkan kan, ti ìsinsìnyí àti ti àtijọ́.

Nílé, mo wá ń ṣọ́ ìyá ọkọ mi bí ẹni ń ṣọ́ wàrà lórí iná. Ó béèrè ọjọ́ tí dókítà dá fún mi, mo ní kò dá ọjọ́. Mo bá káàdì ìwòsàn mi lórí tẹlifíṣọ̀n, bẹ́ẹ̀ abẹ́ ìrọ̀rí ni mo fi í sí. N kò mọ̀ bóyá ó lè ka Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan ní Ajangbádì, ó pẹ́ kó tó dé, ó ní àwọn gbàdúrà fún mi. Mo ní ẹ ṣé, mà. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ní ilé ìgbẹ̀bí tiwọn. Lọ́jọ́ kejì ó se pẹpẹsúùpù ẹja àrọ̀ fún mi. Ó korò díẹ̀ lẹ́nu mi, tàbí mo rò pé ó korò. Mo dà á sí ẹ̀yìnkùlé nígbà tó wọlé lọ rẹjú.

"O jẹ ẹ́ tán?" ó bi mí nígbà tó jí.

"Mo jẹ ẹ́ tán, mà."

"Ó dáa. Mo rí adìẹ ilé kejì tí wọ́n ń bá ẹ jẹ ẹ́."

Ó gbé abọ́, ó lọ fọ̀ ọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú, nígbà tó lọ sí ìsìn, mo ṣí báàgì aláwọ̀ ewé náà. N kò mọ̀ pé mo lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo yọ ohun inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tò wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì kí n lè dá wọn padà bí mo ṣe bá wọn. Ìró méjì àti bùbá méjì. Bíbélì. Kànìnkànìn tuntun. Ọṣẹ dúdú nínú ọ̀rá. Aṣọ ìnura kékeré méjì ti ọmọ ọwọ́. Ìgò kan tí wọ́n fi ọ̀rá di lẹ́nu pinpin, n kò tú u. Mo wá tówẹ̀lì ńlá títí dé ìsàlẹ̀ báàgì, kò sí níbẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, tówẹ̀lì pupa kan tó nípọn ló kọ́kọ́ fà yọ níwájú gbogbo èèyàn. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù rẹ̀, mo sì so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kò wá láti tọ́jú mi. Ilé ìgbẹ̀bí Ajangbádì ló fẹ́ gbé mi lọ. Ohun tó wà nínú ìgò yẹn ló fẹ́ kí n mu kí ìrọbí lè mú mi kí n tó padà rí dókítà. Wọ́n ní tówẹ̀lì tiwọn níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi gbé tirẹ̀. Ó bára mu. Ohun tó burú nínú ìfura nìyẹn, ó máa ń bára mu.

Ní ọjọ́ Ajé mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ṣòkòtò ọmọ ilé ìwé kan wà nílẹ̀ tí mo ti tú ìdí rẹ̀ rí, tí mo tún rán. Mo di apá méjèèjì mú, mo fà á. Kò já. Mo tún fà á bí agbára mi ṣe mọ, ó ya lójijì. Òwú kò já o. Aṣọ ẹ̀gbẹ́ òwú ló ya, níbi tí abẹ́rẹ́ ti lù tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé ara èèyàn kì í ṣe aṣọ kaki, ara máa ń san. Síbẹ̀ mo jókòó, mo ń wo ibi tó ya, ohun tí mo sì ń rò ni pé n kò rí àmì kankan kó tó ya.

Mo ti ilẹ̀kùn, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìbà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi dókítà náà. "Tí ojú àpá yẹn bá ya, báwo ni ẹ ṣe máa tètè gbé mi dé orí tábìlì tó?"

"Tó bá jẹ́ ọ̀sán tí gbogbo wa wà nílẹ̀, kíá ni. Tó bá jẹ́ àsìkò míì, ẹni tó máa fún yín lábẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ara mọ ìrora máa ní láti wá láti ilé. A ò sì lè mọ aago tí ìrọbí máa le."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì?"

"Ẹ ò béèrè, mà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n ti sọ ọ́."

Kò gbèjà ara rẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó fẹ́ tan mí kì bá tí sọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Mo ní kó kọ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ sílẹ̀. Ó kọ Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Bí mo ṣe ń jáde níbẹ̀, mo mọ̀ pé àṣírí mi ti tú, àfi kí ọjọ́ rẹ̀ pé.

Èmi àti ọkọ mi fẹnu kò pé a máa sọ fún ìyá rẹ̀ pé àyẹ̀wò la ń lọ ṣe, kí n lè bímọ tán kó tó mọ̀. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí a jáde sí pálọ̀, ó ti wọṣọ, ó jókòó, báàgì aláwọ̀ ewé wà lórí itan rẹ̀.

"Níbo lẹ ń lọ, mà?"

"Ibi tí ẹ̀yin méjèèjì ń lọ."

"Àyẹ̀wò lásán ni, mà."

"Àyẹ̀wò tí èèyàn kì í jẹun alẹ́ sí," ó ní. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ ṣe é."

Nínú kẹ̀kẹ́, ó jókòó sáàárín èmi àti ọmọ rẹ̀. Mo ń gbọ́ bí ìgò yẹn ṣe ń kan nǹkan nínú báàgì tí a bá ti bọ́ sí kòtò. Nígbà tí a dé, nọ́ọ̀sì gba káàdì mi, ó ń ka ohun tó wà nínú rẹ̀ sókè. Ó gbé bírò, ó bi mí lójú gbogbo wa pé, "Mọ́mì, iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kelòó lèyí?"

Mo wo ọkọ mi, ọkọ mi wo ilẹ̀.

"Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni," ìyá ọkọ mi dáhùn. "Ti àkọ́kọ́ ti pé ọdún mẹ́fà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa."

Kò wojú mi. Bí ẹni tí wọ́n béèrè òpópónà tó ń gbé lọ́wọ́ rẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. Wọ́n sì gbé mi wọlé.

Mo wà lójúfò nígbà tí wọ́n gbé ọmọbìnrin mi jáde. Mo gbọ́ igbe rẹ̀ kí n tó rí i. Lọ́jọ́ kejì mo bi dókítà bóyá ojú àpá àtijọ́ ì bá ya lóòótọ́ ká ní rọ́bà ni mo yàn. Ó ní òun kò lè mọ̀. Èmi náà kò ní mọ̀ títí láé, mo sì ti gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìn ọjọ́ mélòó kan tí a dé ilé ni ìyá ọkọ mi tó tú ìgò náà. Àdí àgbọn ni, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi sè é. Òórùn rẹ̀ kún yàrá. Ó fi ń ra ọmọ lára díẹ̀díẹ̀, láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé itan, èmi sì jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ìrọ̀rí níkùn, mo ń wò ó. Mo rò ó pé ọdún mẹ́fà ni mo fi ń gbé níwájú obìnrin yìí bí ẹni tó jí nǹkan. Gbogbo ìbéèrè tó bi mí, pàkúté ni mo pè é. Bẹ́ẹ̀, ohun tí mo ń fi pamọ́ fún un, òun náà ló ń bá mi fi pamọ́, kódà fún àwọn ọmọ tirẹ̀. N kò bi í ìdí tí kò fi sọ. Mo fura pé ọ̀rọ̀ tó sọ ní pálọ̀ lọ́jọ́sí ni kò mọ bí òun ṣe máa kó o jẹ, ó wá ń dúró kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Ó sì lè jẹ́ pé ìfura lásán nìyẹn náà. N kò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Ohun tí mo kàn mọ̀ ni pé láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í so nǹkan pọ̀ nípa ẹnìkan, tó sì ń bára mu, mo máa ń dúró, mo máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni náà.

Òun ni mo kọ́kọ́ fi dán an wò. Mo ní, "Mà, ẹ ò mú tówẹ̀lì ńlá wá lọ́tẹ̀ yìí."

Kò béèrè bí mo ṣe mọ ohun tó wà nínú báàgì rẹ̀. Ó yí ọmọ dojú bolẹ̀, ó ń ra ẹ̀yìn rẹ̀.

"Èyí tí mo mú wá lọ́jọ́sí ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi tà á fún mi," ó ní. "Ìyá ẹ ní àwọn ti tẹ̀ ẹ́ níkùn láràárọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo lò níbí, ìyàwó mi, mi ò rí tówẹ̀lì tútù kan lórí okùn aṣọ yín."