Ìpele Kẹrìndínlógún

Bátìrì ọkọ̀ ni mo gbé lọ sí vílà kan ládùúgbò Zone du Bois lọ́jọ́ tí àtẹ̀gùn kọ́kọ́ wọ̀ mí lẹ́jẹ̀. Irin gbọọrọ méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti ilẹ̀ dé òkè, pákó tẹ́ lé wọn lórí; kò sí ògiri, kò sí òpó. Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ kí n lè rí ibi tí wọ́n ti jó irin rẹ̀ pọ̀. Obìnrin tó ń tọ́jú ilé fi èdè Mòòré bi mí pé, "Ṣé bátìrì lo gbé wá, àbí oorun lo wá sùn?"

Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ ara mi ní ṣíṣe àtẹ̀gùn. Irin kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ sún wọlé láti etí pákó ní ìdá kan nínú márùn-ún, kí pákó má baà tẹ̀ láàárín, kó má sì fì bí èèyàn bá tẹ etí rẹ̀. Nígbà tí bàbá mi, tí wọ́n ń ta pààtì ọkọ̀ ní Dapoya, kọ́ yàrá kan fún ara wọn sórí ilé tí àwa àti ẹ̀gbọ́n mi jọ ń gbé, mo bẹ̀ wọ́n kí n ṣe àtẹ̀gùn rẹ̀ títí wọ́n fi ní, "D'accord, ṣe é." Ìpele mẹ́rìndínlógún, sẹ̀ntímítà mẹ́tàdínlógún géérégé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí a ṣe ń kọ́lé níbí, táìlì ilẹ̀ tí a ń pè ní karó ló máa ń kẹ́yìn, nígbà tí ọjà bá tà. Orí sìmẹ́ńtì lásán ni mo ti wọn gíga àtẹ̀gùn mi. Lẹ́yìn oṣù méjì, bàbá mi ní kí wọ́n tẹ́ karó sí yàrá náà, ilẹ̀ òkè sì fi sẹ̀ntímítà mẹ́fà ga sí i. Gíga ìpele ìkẹyìn di sẹ̀ntímítà mẹ́tàlélógún. N kò wọ̀n ọ́n wò.

Bàbá mi ń gòkè lọ kírun Alásárì ní yàrá wọn, ìka ẹsẹ̀ wọn kọ́ etí karó, wọ́n sì yí wálẹ̀. Egungun ìbàdí wọn ṣẹ́. Kí n tó gbé wọn, mo ti sáré gòkè, mo ti fa mítà yọ. Wọ́n ń wò mí láti ilẹ̀.

Láti ìgbà tí bàbá mi ti padà sí ṣọ́ọ̀bù, bí oníbàárà bá wọlé, wọn a ní, "Ẹ kí injiníà mi. Bí ẹ bá ṣubú, yóò wọn àtẹ̀gùn." Oníbàárà a rẹ́rìn-ín. Èmi náà a rẹ́rìn-ín.

Mo gé gbogbo ìjókòó pákó, irin kéékèèké tí pákó ń jókòó lé, kúrò lórí irin méjèèjì, mo pín gíga náà dọ́gba, mo tún wọn jó mọ́ ọn. Mo fẹ́ kí bàbá mi gùn ún, ẹ̀ẹ̀kan péré. Wọ́n fi ọ̀pá méjì rìn wá síbẹ̀.

"Mélòó ni ìyàtọ̀ ìpele sí ìpele?"

"Mílímítà méjì, Bàbá."

"Barka, o ṣeun. Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kó kó ẹrù rẹ̀ lọ sókè. Ìsàlẹ̀ ni n ó kú sí."

Wọ́n yí padà. Mo mú fáìlì irin, mo ha ìjókòó ìpele kẹsàn-án, níbi tí ìyàtọ̀ náà wà, mo tún un wọ̀n. Ó ku mílímítà kan.