Ògiri Ṣọ́ọ̀ṣì Tí Ìyá Fi Kànìnkànìn Fọ̀

Omi pupa ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń ṣàn bọ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn, ó gba abẹ́ ẹsẹ̀ mi kọjá. Mo gbọ́ ṣàà, ṣàà nínú ilé, bí ẹni tó ń fọ ìkòkò. Mo yọjú. Ìyá arúgbó tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa ló dúró lórí àpótí, tó ń fi kànìnkànìn fọ àwòrán Jésù kúrò lára ògiri. Ọjọ́ kejì rẹ̀ sì ni ọdún Àjíǹde.

Òun fúnra rẹ̀ ló ya àwòrán náà lọ́dún tó ṣáájú, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé ìjọsìn yẹn tán. Kó tó di ọmọ ìjọ, ojúbọ òrìṣà ní Ìlá níbí ni òun àtàwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń kùn. Osùn ni pupa, ẹfun ni funfun, èédú ni dúdú, ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń yà á. Bó ṣe ya Jésù náà nìyẹn, tó ń jáde nínú ibojì, tó fi ẹfun ṣe etí aṣọ rẹ̀ tóótòòtó. Èmi tí mo jẹ́ ọmọdé nígbà náà a máa wo tóótòòtó yẹn títí ìwàásù á fi parí.

“Màmá, kí ló dé tí ẹ ń pa á rẹ́?”

“Ta ló ń pa á rẹ́? Mò ń wẹ̀ ẹ́ ni. Panu dé, kí o lọ pọnmi wá.”

Ibi tí mo ti ń gbé omi bọ̀ ni bàbá aránṣọ kan, alàgbà ìjọ wa, wọlé. Ó káwọ́ lérí.

“Ẹ gbà mí o! Màmá, ẹ ti ba ilé Ọlọ́run jẹ́!”

“Ọdún dé. Ṣé inú ìdọ̀tí èṣí lẹ fẹ́ kí Jésù jí sí ni?”

“Ta ló rán yín?”

“Ṣé wọ́n ń ránni kó tó wẹ ọmọ fún ọdún ni?”

Ó wá yé bàbá. Ní ojúbọ, ọdọọdún ni wọ́n ń fọ ti àtijọ́ kúrò, tí wọ́n ń kun tuntun. Ìyẹn gan-an wà lára ìsìn. Kò sẹ́ni tó sọ fún ìyá pé ti ṣọ́ọ̀ṣì kò rí bẹ́ẹ̀.

“Màmá, a fẹ́ kó wà títí dọ́dọ̀ àwọn ọmọ wa ni.”

“Bó bá wà títí, kí làwọn ọmọ náà á wá ṣe?”

Bàbá sọ ọwọ́ kalẹ̀ lórí. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń ṣọ́ wa. Mo lọ osùn títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi pọ́n. Kí oòrùn tó wọ̀, Jésù ti padà sára ògiri.

“Ojú rẹ̀ ò jọ ti èṣí,” bàbá ní.

“Ojú tiyín náà ò jọ ti èṣí.”

Lẹ́yìn ọdún, àwọn àgbà ìjọ ra ọ̀dà tí omi ò lè fọ̀ kúrò. Wọ́n ní kí ìyá fi ya òmíràn. Ó yà á, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀la bá ti jẹ́ Àjíǹde, ìyá á tún gbé kànìnkànìn àti abọ́ omi lọ síbẹ̀. Ó á fọ̀ ọ́, fọ̀ ọ́, omi á máa ṣàn wálẹ̀ ní mímọ́ gaara. Ó á tẹjú mọ́ omi náà.

“Jésù ò jẹ́ kí n ṣe nǹkan kan fún òun mọ́,” ló sọ fún mi lọ́jọ́ kan.

Àwòrán náà ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ẹni tó bá wọlé á rí i, bàbá ò purọ́. Eruku ló bò ó, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án. Mo máa ń wò ó, mo máa ń bi ara mi pé nínú ìyá àti bàbá, ta ló tọ́jú Jésù jù? Mi ò tíì mọ̀.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí Àjíǹde bá ku ọ̀la, mo máa ń fọ ògiri iwájú ilé mi, mo sì ń fi ẹfun tuntun kùn ún. Léṣìí, ọmọ ọmọ mi dúró tì mí.

“Màmá, ògiri yìí ò tíì dọ̀tí kẹ̀.”

“Mo rí i,” ni mo wí. “Lọ pọnmi wá.”