Irun Ojú Màámi

Lọ́dún tí màámi ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú, mo kó kọ̀ǹpútà mi padà sílé wa ní Ìlaròó. Fíìmù àwòrán àwọn ọmọdé ni mò ń ṣe. Ẹni tí mo bá yà, èmi náà ni mo máa mú un rìn, tí mo máa mú un rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kékeré kan ló wà lọ́wọ́ mi nígbà náà, tó ń dúró de bàbá rẹ̀ lẹ́bàá títì.

Lọ́sàn-án, màámi a wá jókòó tì mí, a máa wò ó.

"Kí ló ń ṣe é báyìí?"

"Inú ń bí i, Màámi." Mo ti fa irun ojú ọmọ náà wálẹ̀ níbi tó ti sún mọ́ imú.

"Báyìí ńkọ́?"

Mo gbé ibẹ̀ kan náà sókè díẹ̀. N kò fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀ rárá.

"Áà! Ó fẹ́ sunkún." Màámi káwọ́ mọ́ àyà. "Má jẹ̀ẹ́ kí bàbá rẹ̀ pẹ́ o."

Oògùn tí wọ́n ń fà sí màámi lára ní ọsibítù ti gbọn irun orí rẹ̀ dànù, ó gbọn ti ojú náà mọ́ ọn. Gèlè bo orí. Kò sí ohun tó máa bo ti ojú. Ojú tí mo mọ̀ láti kékeré wá dà bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Bí mo bá bi í bóyá ó ń dùn ún, a ní, "Ara mi dá," n kò sì mọ ìgbà tí ó jẹ́ òótọ́.

Lọ́jọ́ tí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fẹ́ wá kí i, ó gbé pẹ́ńsùlù tí wọ́n fi ń ya irun ojú fún mi.

"Ìwọ tí ò ń ya ti ọmọ ọlọ́mọ, wá ya tèmi."

Mo di àgbọ̀n rẹ̀ mú, mo yà á, àmọ́ mo gbé e ga jù. Ó gbé dígí, ó wo ara rẹ̀ títí.

"Ọkọ mi, wọ́n á bi mí pé kí ló dẹ́rù bà mí."

A rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Mo fi òróró nù ún kúrò. Mo wá fọ́tò rẹ̀ kan nínú fóònù, ti ìgbà tó ṣì ń ṣe tíṣà ní Ayétòrò. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé irun ojú òsì rẹ̀ ga ju tọ̀tún lọ díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe yà á.

"Èmi rèé," ló wí.

Bó ṣe fọwọ́ ti àga pé òun fẹ́ dìde, irun ojú méjèèjì sún mọ́ra, wọ́n gbéra sókè lẹ́bàá imú.

"Màámi, ó ń dùn yín."

Ó fẹ́ sẹ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Láti àárọ̀ ni. N kò fẹ́ kí o pa iṣẹ́ rẹ tì ni."

Mo fún un lóògùn ìrora, mo pe àwọn àlejò rẹ̀ pé kí wọ́n sún ìbẹ̀wò wọn di ọjọ́ mìíràn. Ó gbórí lé mi lẹ́sẹ̀, ó sùn. Mò ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ.

Láti ìgbà náà, irun ojú màámi ni mo máa ń kọ́kọ́ yà láràárọ̀ kí n tó ṣí kọ̀ǹpútà.

Ìtọ́jú náà parí. Irun ojú rẹ̀ hù padà, ó rọ̀, ó sì funfun. Mo ní ṣé kí n kùn ún dúdú, ó ní rárá. Kò pẹ́ sí i, ó wọkọ̀ lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Ifọ̀nyìntẹ́dó. Ó pè mí láti ibẹ̀ pé òun ṣì máa pẹ́ díẹ̀, kí n se oúnjẹ mi jẹ.