Bàbá Sùlè àti Sáfà Tí Kì í Wo Tẹlifíṣọ̀n

Kò sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Liverpool Road, ní Àpápá, tí kò gbọ́ nípa ọjọ́ tí Alhaja Mọ́nsúrátù bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, tó sì fi lé Bàbá Sùlè láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ọ́fíìsì rẹ̀ títí dé ẹnu géètì ibùdó epo. Àwọn awakọ̀ tírélà tó ti jókòó sójú kan láti àárọ̀ yọ orí síta. "Alhaja, ó kù díẹ̀! Ẹ jù ú lù ú!" Bàbá Sùlè, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta, ń sáré láàárín táyà, wáyà iná ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń pariwo pé, "Alhaja, ó sàn kó ṣubú lójú wa ju kó ṣubú lẹ́yìn wa lọ!" Alhaja ju bàtà náà lóòótọ́. Awakọ̀ kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló bà.

Ohun tó fa ìjà nìyí. Iṣẹ́ Alhaja ni kó máa bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté Àpápá. Ó ti lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́ náà, kò sì ní ohun ìní kan tó ju orúkọ rẹ̀ lọ. Ẹni tó ni kọ̀ntánà kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ ojú omi tó gbé e wá, ibi tí ìwé rẹ̀ dé, inú kọ̀ǹpútà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní sáfà ni gbogbo rẹ̀ wà. Àwọn kọ̀ǹpútà yòókù nínú ọ́fíìsì kò dá nǹkan kan mọ̀. Sáfà ni gbogbo wọn ń bi léèrè. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta tòkunbọ̀ ni Alhaja ti rà á, ọkùnrin náà sì fi Windows sínú rẹ̀, ó ní jàrá ni. Inú Alhaja dùn. Ta ni inú rẹ̀ kì í dùn sí jàrá?

Bàbá Sùlè ni. Òun ló máa ń wá láti Boundary, ní Ajégúnlẹ̀, wá tún kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì náà ṣe. Ó wo sáfà náà, ó mi orí.

"Alhaja, èyí tí wọ́n jí ni wọ́n fi ṣe jàrá fún yín. Ẹni tó bá ra ojúlówó Windows ò níṣòro, àwọn tó ni ín á máa bá a tọ́jú ẹ̀. Èyí tí wọ́n jí yìí ńkọ́, tó bá ṣàìsàn, ta lẹ fẹ́ pè? Ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ọkàn ẹ̀ nìyẹn. Ẹ lè gba ata ní jàrá, ẹ lè gba ẹ̀wà ní jàrá. A kì í gba ọkàn ní jàrá."

"Ó ń ṣiṣẹ́," ni Alhaja dá a lóhùn.

"Ó ń ṣiṣẹ́ torí pé kò tíì ṣubú ni."

Ní ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, Bàbá Sùlè gbé kọ̀ǹpútà mìíràn wá, èyí tó fi Linux sí nínú, ètò tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́ láìjí i. Ó gbé e ti sáfà Alhaja, ó fa àga kan, ó jókòó. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó kàn na ọwọ́, ó fa wáyà iná méjèèjì yọ ni, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Ó tún ki wáyà bọ̀ ọ́, ó dúró kí kọ̀ǹpútà méjèèjì dìde, ó tún fà á yọ. Ó ń ka iye rẹ̀ sókè ketekete. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀keje, Windows jàrá kò dìde mọ́. Ti Bàbá Sùlè ṣubú nígbà ogójì, ó dìde nígbà ogójì. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí Oghogho, akọ̀wé Alhaja, ti ń tẹ̀ láti ọjọ́ Ajé ti bá Windows jàrá lọ. Oghogho káwọ́ lérí. Bàbá Sùlè yíjú sí Alhaja, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Ṣé ẹ rí i báyìí?" Ìgbà yẹn ni Alhaja bọ́ bàtà.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi bá a sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó pè é lórí fóònù. "Ẹ gbé Linux yín wá. Tó bá ṣubú pẹ́nrẹ́n, èmi àti ẹ̀yin ni."

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: Alhaja máa ń bínú. Ẹni tó bá ń ṣòwò ní Àpápá tí kì í bínú, kò tíì bẹ̀rẹ̀ òwò ni. Ọ̀nà dí, iná kò sí, wọ́n á ní kí o mú ìwé wá, o mú un wá, wọ́n á ní kì í ṣe ìwé yẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè bí i nínú bíi Bàbá Sùlè, nítorí bí ohùn rẹ̀ bá ti ń ròkè báyìí, ṣe ni bàbá yìí máa rọra fi eyín já ọ̀rá píọ̀wọ́tà, táá nà án sí i. "Alhaja, ẹ mu omi." Omi yẹn a máa ru ìbínú náà sókè ni.

Nígbà tí Alhaja pè é lórí fóònù, ó rò pé Linux á dé lọ́jọ́ kejì. Oṣù méjì ni Bàbá Sùlè gbà. Ó ní Linux pọ̀ ní oríṣiríṣi, òun ò sì lè mú èyí tí òun ò dán wò. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Boundary wà láàárín ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata àti ọkùnrin kan tó ń jó irin, tó fi jẹ́ pé iná ibẹ̀ kì í dúró lójú kan fún ìṣẹ́jú kan. Ibẹ̀ ló kó wọn sí. "Kọ̀ǹpútà tí ò bá lè gbé Boundary ò lè gbé Àpápá," ó ní. Èyí tó tuntun jù ló kọ́kọ́ dán wò. Ojoojúmọ́ ni ìyẹn ń tọrọ àtúnṣe, bó bá sì ti gbà á tán, nǹkan kan á daṣẹ́ sílẹ̀. Ó lé e dànù. Èyí tó mú nígbẹ̀yìn ti pẹ́ láyé, kò sì ní ẹ̀ṣọ́ kankan lára.

"Ó ti gbó!" ni Alhaja wí.

"Ẹ̀yin náà ti ń gbó, Alhaja, síbẹ̀ ẹ̀yin náà lẹ̀ ń gbẹrù jáde."

Ohun tí Alhaja sọ lọ́jọ́ náà kò ṣeé kọ sínú ìwé. Píọ̀wọ́tà méjì ni Bàbá Sùlè já.

Wàhálà kò tán síbẹ̀. Eruku tírélà ń wọlé láti ojú fèrèsé, Bàbá Sùlè bá lọ ra àwọ̀n ẹ̀fọn, ó ta á bo sáfà mọ́lẹ̀. Àwọn oníbàárà ń bèèrè bóyá ibà ló ń ṣe kọ̀ǹpútà Alhaja. Lẹ́yìn ìyẹn, ó yọ ojú kọ̀ǹpútà náà, èyí tó dà bíi tẹlifíṣọ̀n, ó gbé e síbi èjìká.

"Níbo lẹ̀ ń gbé ìyẹn lọ?"

"Sáfà kì í wo tẹlifíṣọ̀n, Alhaja. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ò gbọdọ̀ máa wo tẹlifíṣọ̀n. Láti ṣọ́ọ̀bù mi ni màá ti máa bá a sọ̀rọ̀."

Alhaja gbà, àfi bó ṣe di ọ̀sẹ̀ kejì tí Oghogho gba Boundary kọjá, tó rí ojú kọ̀ǹpútà náà níwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá Sùlè, tí ogún èèyàn yí i ká, wọ́n ń fi wo bọ́ọ̀lù.

Ìjà kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn tí kì í ṣe ẹ̀rín rárá. Alhaja kì í fi í ṣeré. "Bàbá Sùlè, Windows, ìgboro kún fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Linux yín yìí, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n níbí. Bẹ́ ẹ bá kú ńkọ́?"

"Mi ò ní kú lọ́jọ́ iṣẹ́. Sátidé ni màá kú, ẹ ò ní mọ̀ títí di Mọ́ńdè."

"Mo ní bẹ́ ẹ bá kú ńkọ́?"

"Alhaja, ẹ mu omi."

Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ja ìjà yìí, sáfà náà kò sì ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Bàbá Sùlè ló ṣubú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, lórí àga nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ní ó jẹ́. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ín.

Alhaja dúró níwájú ilé rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀ láàárín àwọn tó wá kẹ́dùn, inú sì ń bí i burúkú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun! Ọkùnrin yìí purọ́ fún òun, ó kú lọ́jọ́ iṣẹ́, kò sì dáhùn ìbéèrè òun. Ọ̀dọ́bìnrin kan tí ojú rẹ̀ ti pọ́n fún ẹkún sún mọ́ ọn, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Alhaja, good evening ma. My name na Ebiere. Baba say one day you go call me."

"Kí n pè ẹ́ kí n sọ pé kí ni? Ṣé ibi tí wọ́n ti ń wáṣẹ́ nìyí?" Alhaja yí ẹ̀yìn sí i.

Ó ku ohun kan tí ẹnikẹ́ni nínú ọ́fíìsì kò fiyè sí. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Bàbá Sùlè máa ń yà wá bu omi sínú bátìrì tó ń gbé sáfà ró nígbà tí iná bá lọ. Nígbà tó ti kú, kò sẹ́ni tó bu omi kankan. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, iná lọ ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, bátìrì kọ̀, sáfà sì ṣubú. Iná dé padà, ariwo sáfà bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kankan kò rí ìwé kan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ̀ntánà mọ́kànlá wà ní èbúté lọ́jọ́ náà. Ẹja dídì ni méjì nínú wọn, bí ìwé wọn kò bá sì dé kí ó tó di ọ̀sán, ẹja náà á bàjẹ́, orúkọ tí Alhaja fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kọ́ á bá a bàjẹ́.

Ó pe Stanley, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ilé kejì. Stanley ká àwọ̀n ẹ̀fọn sókè, ó mi orí. "Alhaja, I no sabi this Linux o. Make we clean am, put Windows. By evening e go dey work."

"Àwọn ìwé inú ẹ̀ ńkọ́?"

Stanley wo ilẹ̀.

Alhaja bá ké mọ́ ẹni tí kò sí níbẹ̀. "Mo bi yín! Ọdún mẹ́fà ni mo fi bi yín! Ẹ wá lọ, ẹ fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú irin tó ń kùn yìí!" Oghogho rí i pé omi ti lé ròrò sí i lójú. Alhaja yíjú sí Stanley. "Gbé tẹlifíṣọ̀n kan sí i. Jẹ́ n wo ojú ohun tó fẹ́ pa mí kó o tó fọ̀ ọ́ nù."

Stanley gbé ojú kọ̀ǹpútà àti pátákó ìtẹ̀wé tirẹ̀ wá, ó so wọ́n mọ́ ọn. Àwọn lẹ́tà funfun ń bẹ lórí dúdú. Láti ọdún mẹ́fà tí sáfà náà ti wà níbẹ̀, kò tíì ṣubú rí, kò sì ní ojú, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò rí ohun tó máa ń sọ bó bá dìde.

*Alhaja Mọ́nsúrátù, ẹ kú ìbínú.*

*Mo ṣubú, mo sì ti dìde. Mi ò ní ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni àfi tẹ́ ẹ bá sọ pé kí n ṣí i.*

*Ẹ tẹ 1 kí n yẹ ara mi wò, kí n sì máa bá iṣẹ́ lọ.*

*Ẹ tẹ 2 kí n mú ẹ̀dà àná jáde.*

*Ẹ tẹ 3 tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó máa tún mi ṣe tí Sùlè ò bá sí mọ́.*

*Ẹ tẹ 4 tí inú bá ṣì ń bí yín.*

Alhaja na ìka kan, ó tẹ 1. Sáfà kùn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Lẹ́yìn náà Oghogho fò dìde nídìí tábìlì tirẹ̀. "Alhaja, ó ti ṣí! Ìwé ẹja nìyí! Gbogbo wọn ló pé!"

"Tẹ̀ ẹ́ jáde, kó o máa sáré lọ sí èbúté," Alhaja wí, kò sì gbé ojú kúrò lára sáfà. Ó tẹ 3.

*Ebiere, tó ń tún fóònù ṣe ní iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Boundary. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ. Ó ti mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo mọ́ ọn.*

Alhaja rántí ọmọ tó kúnlẹ̀ níwájú òun lọ́jọ́ ìsìnkú, ojú tì í. "Ó yẹ kẹ́ ẹ ti sọ fún mi," ó sọ fún irin náà. "Ẹ̀ẹ̀kan péré, kẹ́ ẹ sọ fún mi. Ṣé ẹnu ń dùn yín ni?" Inú ṣì ń bí i gidi. Ó bá tẹ 4.

*Ẹ mu omi.*

Stanley ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kó tó rí i pé èjìká Alhaja ń mì. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún, ó sì lè jẹ́ pé òun náà kò mọ̀. Nígbà tó yá, ó ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ píọ̀wọ́tà kan, ó fi eyín já a bí bàbá yẹn ṣe máa ń já a, ó sì mu ún tán. Ó fi etí ìborùn nu ojú. Ó tún àwọ̀n ẹ̀fọn náà tà bo sáfà, ó fi ọwọ́ tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa kí eruku má baà ráyè wọlé.

"Stanley," ó ní, "gbé tẹlifíṣọ̀n ẹ kúrò níbẹ̀. Ṣó ò rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ ni?"