Ìwé Pélébé Tí Kò Kí Ẹnikẹ́ni

Àwọn ọmọ mi ń ráhùn pé àtẹ̀jíṣẹ́ mi gbẹ, pé n kì í kí èèyàn. Wọn kò mọ ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ ìkíni nílé onífóònù n'Íkìrun, nígbà tí fóònù kò tíì wọ àpò ẹnikẹ́ni.

Olùkọ́ ni mí n'Ínísà nígbà náà. Àbúrò bàbá mi fẹ́ ta oko obì tí bàbá wa fi sílẹ̀ l'Ókukù. Sátidé ni ìpàdé ẹbí, ẹ̀gbọ́n mi ní Kàdúná, àkọ́bí bàbá wa, nìkan ló sì lè ní òun kò gbà kí wọ́n gbọ́.

Mo mú ìyá mi lọ pè é. Ìwà ìrẹ́jẹ kìíní: láti ìgbà tí aago ti ń dún lọ́hùn-ún ni onífóònù ti ń ka ìṣẹ́jú. Ìkejì: gbogbo èrò orí bẹ́ńṣì ló ń bá wa gbọ́ ọ. Ìkẹta, ti ìyá mi ni. Wọ́n ki ẹ̀gbọ́n mi dé orí bàbá ńlá wa, wọ́n béèrè ìyàwó, wọ́n béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá ìyàwó.

"Màámi, ẹ sọ̀rọ̀ oko!"

"Jẹ́ n kí ọmọ mi ná. Ṣé ẹran ni mo bí ni?"

Fóònù kú.

"Ìyá, ẹ ti kíni tán," onífóònù wí. "Ẹ wá sanwó ọ̀rọ̀."

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Owó ọwọ́ mi kò tó pè lẹ́ẹ̀kejì. Inú bí mi débi pé mo ya ìwé pélébé, mo kọ ọ́ síbẹ̀: *Wọ́n fẹ́ ta oko Bàbá ní Sátidé. Ẹ kọ̀wé pé ẹ kò gbà.* Mo fún awakọ̀ tó ń kó obì lọ sí Kàdúná.

"Ibo lo ti kí i?" ìyá mi bi mí.

"N kò kí wọn, Mà."

"Háà! Yunifásítì ti bà ẹ́ jẹ́."

Ní Sátidé, àbúrò bàbá mi ní, "Àkọ́bí dákẹ́, ó ti gbà nìyẹn." Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn wà tí ẹ̀gbọ́n mi já wọlé, eruku bò ó, ó ń wo ìyá mi tẹkúntẹkún.

"Màámi, ẹ wà láàyè?"

"Kí ní fẹ́ pa mí?"

"Ìwé ọ̀hún ò kí mi! Mo ní ọ̀fọ̀ ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ oko bò fún mi."

Ló bá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún àbúrò bàbá wa. "Ẹ kúulé, sà. A ò ta oko."

Ẹni tó fẹ́ rà á mú fìlà rẹ̀, ó lọ.

Ìyá mi yíjú sí mi. "Ká ní o kí i ni, ìwé ni ì bá kọ. Ọpẹ́lọpẹ́ àìlẹ́kọ̀ọ́ ẹ."

Obì oko náà ló wà lẹ́nu mi bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sáwọn ọmọ mi láàárọ̀ yìí: *Ẹ wá kóbì.*